Bọ́tìnì tí ẹ ń tẹ̀ lórí fóònù yín: ta ló ṣe é, ta ló ni ín?

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Kutọnu wá sí Ìgbó Ìdáàṣà, ìlú tí wọ́n ń pè ní Dassa-Zoumè lédè ìjọba, á rí i pé òkè ló ń kọ́kọ́ pàdé àlejò. Òkè 41 ni wọ́n máa ń sọ pé ó wà níbẹ̀. Wọ́n dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ẹ bi oníṣòwò tó fẹ́ fi fóònù sanwó ọjà nígbà tí òkè wà láàrin òun àti òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó lè má jẹ́ ẹwà òkè ló máa kọ́kọ́ sọ. Ojú-ewé á máa yí, á máa yí, bí àmàlà tó kọ̀ tí kò jinná. Tó bá wá di oṣù Kẹjọ, tí àwọn Kátólíìkì bá ya wá sí ihò àpáta Màríà ní Arigbo, èrò á pọ̀, fóònù á pọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ni gbogbo wọn á sì jọ máa fà.

Ọ̀rọ̀ ojú-ewé yìí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré mọ́. Láti 2020 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti ṣí ìkànnì service-public.bj, tí ará ìlú lè fi béèrè oríṣiríṣi ìwé ìjọba láì wọkọ̀ lọ sí Kutọnu. Ìkànnì monentreprise.bj wà fún ẹni tó bá fẹ́ forúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀. UNCTAD, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí òwò àti ìdàgbàsókè, ló bá ìjọba ṣe é. Owó náà ti wọ inú fóònù. MTN MoMo àti Moov Money ti di ohun tí ìyá alátẹ ń lò, tí àwọn zémidjan tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò náà ń lò. Bí ojú-ewé bá kọ̀ tí kò ṣí, tí ẹni tó fẹ́ ra àpò sóyà kò sì rí owó san, ọjà lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn nìyẹn.

Nínú gbogbo rẹ̀, ohun kan wà tí ọwọ́ wa ń kàn lójoojúmọ́ tí a kì í béèrè nípa rẹ̀, ìyẹn ni bọ́tìnì. Bọ́tìnì tí wọ́n kọ “Valider” sí. Àpótí tí a ń kọ orúkọ sí. Àtòkọ tó ń ṣí wálẹ̀ kí á lè mú orúkọ ìlú wa nínú rẹ̀. Ta ló ṣe wọ́n? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ilé-iṣẹ́ tó ni ìkànnì ló jókòó tó ṣe gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lọ́pọ̀ ìgbà, bẹ́ẹ̀ kọ́.

Àpótí tí wọ́n fi ń mọ búlọ́ọ̀kù

Ẹ wo àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá títì. Àpótí irin kan ni wọ́n ní. Wọ́n á po iyanrìn mọ́ sìmẹ́ǹtì, wọ́n á rọ ọ́ sínú rẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, búlọ́ọ̀kù kan á jáde, òmíràn á tẹ̀lé e, gbogbo wọn á sì dọ́gba. Ẹni tó ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ń rà á, ẹni tó ń kọ́ mọ́sálásí ń rà á, ẹni tó ń kọ́ ilé adìyẹ náà ń rà á. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé òun fẹ́ fi ọwọ́ ara òun gbẹ́ búlọ́ọ̀kù òun lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí àwọn tó ń kọ́ ìkànnì náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Àwọn kan ti kọ kóòdù bọ́tìnì sílẹ̀, wọ́n ti kọ ti àpótí ìkọ̀rọ̀, wọ́n ti kọ ti fèrèsé kékeré tó máa ń yọ jáde láti béèrè bóyá ó dá yín lójú pé ẹ fẹ́ san owó yìí. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan, wọ́n sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí ẹni tó bá fẹ́ wá mú. Kì í sì í ṣe búlọ́ọ̀kù nìkan ni wọ́n gbé síta o. Àpótí tí wọ́n fi ń mọ ọ́n gan-an ni. Ẹ lè tú u wò, ẹ lè gé e kúrú, ẹ lè fẹ̀ ẹ́, ẹ lè gbé e lọ sí abúlé yín kí ẹ máa mọ tiyín. Irú kóòdù bẹ́ẹ̀, tí orísun rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ni àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní open source.

Ọ̀kan lára èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni React. Jordan Walke, ẹnjiníà kan ní Facebook, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 2011 ni Facebook bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lójú-ewé tí àwọn èèyàn ti ń ka ìròyìn ọ̀rẹ́ wọn, Instagram tẹ̀lé e ní 2012. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún 2013, wọ́n gbé e síta fún gbogbo ayé níbi ìpàdé àwọn olùkọ-kóòdù kan ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan kò gba tiẹ̀ nígbà náà, torí ó lòdì sí bí wọ́n ṣe kọ́ wọn níṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú irú wọn ló padà ń lò ó.

Kí ló ń ṣe gan-an? Ẹ jẹ́ ká fi pátákó iye owó ṣàlàyé rẹ̀. Ká ní ẹ ní pátákó kan níwájú ìsọ̀ yín, tí ẹ fi ẹfun kọ iye owó gàrí, àgbàdo, sóyà àti ẹ̀pà sí. Bí owó sóyà bá gbé ẹnu sókè, ẹ ò ní nu gbogbo pátákó nù. Iye owó sóyà nìkan lẹ máa nù, ẹ ó sì kọ tuntun síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ojú-ewé àtijọ́ kò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ẹ yí nǹkan kékeré kan padà, gbogbo ojú-ewé á pòórá, ó di ìgbà tó bá tún ti òkè òkun dé. Àwọn olùkọ-kóòdù kan máa ń fi ọwọ́ ṣàtúnṣe kékeré bẹ́ẹ̀ fúnra wọn, ṣùgbọ́n ó ń le sí i bí ojú-ewé bá ṣe ń tóbi sí i, àṣìṣe sì máa ń pọ̀ nínú rẹ̀.

React ní tiẹ̀ máa ń tọ́jú àwòrán pátákó náà sí ìrántí. Bí nǹkan bá yí padà, á ya àwòrán tuntun, á gbé méjèèjì síra wọn, ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ nìkan ló sì máa fọwọ́ kàn lójú fóònù. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló wà nídìí rẹ̀ tí ẹ bá kọ 3 síwájú àpò gàrí, tí àròpọ̀ owó tó wà nísàlẹ̀ sì yí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Fún ẹni tó wà lẹ́yìn òkè, èrè ńlá ni. Fóònù ló ń ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ̀, kò ní láti tún máa ké pe nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ọ̀fẹ́ tó ní okùn nídìí

Àwọn àgbà wa mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá fún ní ilẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó yẹ kó béèrè ohun tó rọ̀ mọ́ ilẹ̀ náà. React náà ní tirẹ̀. Láti 2014, Facebook fi gbólóhùn kan sínú ìwé àṣẹ rẹ̀ nípa ẹ̀tọ́ lórí ìhùmọ̀, pé ẹni tó bá pe Facebook lẹ́jọ́ lórí irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀, àṣẹ tí Facebook fún un láti lo ẹ̀tọ́ tirẹ̀ tó wà nínú React á já. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé: ẹ máa lo ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá pè wá lẹ́jọ́ lórí oko mìíràn, ẹ dìde kúrò lórí èyí.

Ní oṣù Keje 2017, Apache Software Foundation, àjọ ńlá kan tó ń tọ́jú kóòdù ọ̀fẹ́, pàṣẹ pé kí àwọn iṣẹ́ tó wà lábẹ́ òun má ṣe gba kóòdù tó ní irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ wọlé mọ́. Facebook kọ́kọ́ dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, Matt Mullenweg, ọ̀kan lára àwọn tó dá WordPress sílẹ̀, kéde pé àwọn máa fi React sílẹ̀. WordPress kì í ṣe ọmọdé níbi iṣẹ́ yìí. Ìkànnì tí wọ́n fi kọ́ kò lóǹkà. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí Facebook fi yí ohùn padà. React 16, tó jáde lóṣù yẹn kan náà, wá pẹ̀lú ìwé àṣẹ MIT. Ìwé àṣẹ yìí kò gùn, okùn kankan kò sì sí nídìí rẹ̀. Ẹ lò ó, ẹ tún un ṣe, ẹ tà á pàápàá. Kò béèrè ju kí ẹ fi orúkọ ẹni tó ni iṣẹ́ náà àti ìwé àṣẹ ọ̀hún sílẹ̀ níbi tó wà.

Ìtàn yìí wúlò fún ọjà wa, nítorí àwọn tí ilé-iṣẹ́ ńlá yẹn gbọ́ tiwọn kì í ṣe adájọ́, wọn kì í ṣe ìjọba. Àwọn tó ń lo iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ní oṣù Kẹwàá 2025, Meta, orúkọ tí ilé-iṣẹ́ Facebook ń jẹ́ báyìí, tún kéde pé òun nìkan kọ́ ló máa ni React mọ́, pé á bọ́ sọ́wọ́ àjọ tuntun kan tó ń jẹ́ React Foundation, lábẹ́ Linux Foundation. Lójú tiwa, ó ti pẹ́ jù kí wọ́n tó ṣe é.

Ọmọ Nàìjíríà tó mọ tirẹ̀

React fúnra rẹ̀ kò ní bọ́tìnì tó ti ní àwọ̀ àti ìrísí nínú. Bí búlọ́ọ̀kù á ṣe jókòó lórí ara wọn ni iṣẹ́ tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa rí lójú, bí wọ́n ṣe máa tóbi tó, àwọ̀ tí wọ́n máa ní, ọwọ́ ẹni tó ń kọ́lé nìyẹn kù sí. Ibí yìí ni ọmọ Nàìjíríà kan ti wọlé. Ṣẹ́gun Adébáyọ̀ lorúkọ rẹ̀, ó ń kọ ọ́ ní Segun Adebayo níbi iṣẹ́. Ní 2019, ó gbé àkójọ búlọ́ọ̀kù kan jáde tó pè ní Chakra UI, tí wọ́n ń lò pẹ̀lú React. Ìwé àṣẹ MIT yẹn náà ló fi sí i. Lórí GitHub, níbi tí àwọn olùkọ-kóòdù gbogbo ayé ń kó iṣẹ́ wọn sí, èèyàn tó lé ní 35,000 ló ti fi àmì ìràwọ̀ sí i, ìyẹn bí ẹni ń na àtàǹpàkò sókè pé iṣẹ́ yìí dára.

Kì í ṣe pé ó rẹwà nìkan la fi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn afọ́jú wà láàrin wa tí fóònù ń ka ohun tó wà lójú rẹ̀ sókè fún létí. Bí fóònù bẹ́ẹ̀ bá dé orí bọ́tìnì, ó yẹ kó sọ pé bọ́tìnì rèé, kó sì sọ ohun tó wà fún. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ bọ́tìnì tí ẹ ń rí, bí ilẹ̀kùn tí wọ́n fi ọ̀dà yà sára ògiri ni. Ẹni tó ríran rò pé ilẹ̀kùn ni, ẹni tó ń fọwọ́ wá a kò bá ohun tó lè dì mú. W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún íntánẹ́ẹ̀tì, ní ìlànà kan tó ń jẹ́ WAI-ARIA lórí bí bọ́tìnì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ máa sọ irú ohun tí wọ́n jẹ́. Ìlànà yìí ni Adébáyọ̀ fi sínú búlọ́ọ̀kù rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ìkànnì tí kò tilẹ̀ rántí afọ́jú, tó bá ti lo búlọ́ọ̀kù náà bó ṣe yẹ, ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà ti ṣe.

Àjọ W3C yìí kan náà tún ní òṣùwọ̀n fún bí àwọ̀ ọ̀rọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ó kéré tán 4.5 sí 1 fún ọ̀rọ̀ tí kò tóbi. Ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ nìyẹn. Ẹ wá ṣí ojú-ewé tí wọ́n fi àwọ̀ eérú kọ sórí funfun, lọ́sàn-án gangan, níta, kí ẹ tó dá wọn lẹ́jọ́.

Àwọn oníṣòwò máa béèrè pé kí ni irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ń jẹ. Ìbéèrè gidi ni. Chakra UI ní àpò kan lórí Open Collective, níbi tí àwọn tó ń lò ó, olówó àti tálákà, ti lè dá owó sí i. Bí ìwé àjọ tí wọ́n ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì ni àpò náà rí: owó tó wọlé àti owó tó jáde, gbogbo ayé ló lè kà á. Wọ́n tún ń ta àwọn ojú-ewé tí wọ́n ti kọ́ parí fún ẹni tí kò ráyè kọ́ tirẹ̀. Búlọ́ọ̀kù lọ́fẹ̀ẹ́, ilé tó ti parí lówó. Ọgbọ́n ọjà ni.

Kì í sì í ṣe òun nìkan ló ń rin ọ̀nà yìí. Ní oṣù Kejì 2020, kí àrùn kòrónà tó sé wa mọ́lé, ẹgbẹ́ Open Source Community Africa, tí Samson Goddy àti Ada Nduka Oyom dá sílẹ̀, ṣe ìpàdé ńlá ní Èkó fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ irú kóòdù yìí.

Ta ló ń ru ẹrù náà?

A ò ní parọ́ fún yín. Ọ̀fẹ́ tí ẹni tó ń kọ́ ìkànnì rí gbà, ẹlòmíràn ló lè máa sanwó rẹ̀, ìyẹn ẹni tó ra dátà.

Kí React tó lè ya pátákó lójú fóònù, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ inú fóònù. Òun àti ẹnìkejì rẹ̀ tó ń ya ojú-ewé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún wọn pọ̀ kí wọ́n lè fúyẹ́, lé ní kílóbáìtì 40. Ká ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń dé ẹ̀yìn òkè lè gbé kílóbáìtì 20 wá láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, React á gbà ju ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ kó tó dé. Ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n kì í dá wá. HTTP Archive, tó máa ń wọn ìwúwo ìkànnì káàkiri ayé, rí i ní 2024 pé tí a bá to àwọn ojú-ewé tí fóònù ń ṣí láti orí èyí tó fúyẹ́ jù dé èyí tó wúwo jù, èyí tó bọ́ sí àárín gbùngbùn lé ní mẹ́gà 2. Kóòdù tó ń mú un ṣiṣẹ́ nìkan lé ní kílóbáìtì 500. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí a fi ṣàpẹẹrẹ yẹn. Mẹ́gà 2 á gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 100. Oníbàárà á ti kí yín, á ti yẹ iṣu wò, á ti ná an, á sì ti bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀bi React kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé adìyẹ tó wá lọ kó búlọ́ọ̀kù ilé alájà mẹ́ta, ṣé ẹni tó mọ búlọ́ọ̀kù la máa mú ni? Àwòrán tí wọn kò dín kù wà níbẹ̀, fídíò tó ń ṣeré fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, kóòdù àwọn olùpolówó ọjà àti ti àwọn tó ń ṣọ́ gbogbo ohun tí ẹ bá tẹ̀ náà wà níbẹ̀. Síbẹ̀, búlọ́ọ̀kù ọ̀fẹ́ rọrùn láti kó jọ débi pé ẹni tó ń kó o kì í wo ẹ̀yìn mọ́. Inú ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ló wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ ń sáré, fóònù ọwọ́ rẹ̀ sì jẹ́ ti olówó. Kò sí ohun tó máa sọ fún un bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń ṣe lórí fóònù kékeré tí gíláàsì rẹ̀ ti sán, lọ́wọ́ ẹni tó ra dátà ọgọ́rùn-ún fáráǹkì.

Ohun tó dùn mọ́ wa nínú kóòdù tó ṣí sílẹ̀ ni pé ẹni tí ara bá ta lè wá oògùn rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Jason Miller kọ Preact, tó ń ṣe bíi React ṣùgbọ́n tó jẹ́ bíi kílóbáìtì 3 péré. Rich Harris gbé Svelte jáde ní 2016; èyí máa ń parí púpọ̀ nínú iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń kọ́ ìkànnì, kí fóònù oníbàárà má baà ru ẹrù náà. Adébáyọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà rí i. Inú fóònù oníbàárà ni Chakra UI ti máa ń ṣe ìṣirò àwọ̀ àti ìwọ̀n nígbà tí ojú-ewé bá ń ṣí. Ní 2023 wọ́n gbé irinṣẹ́ mìíràn jáde, Panda CSS, tó ń ṣe ìṣirò yẹn sílẹ̀ kí ojú-ewé tó kúrò nílé. Ó dà bí kí èèyàn lọ ata rẹ̀ nílé kó tó gbé e wá sọ́jà, dípò kó ru ọlọ wá.

Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín tàbí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ yín bá gbé iṣẹ́ ìkànnì fún ẹnì kan, ẹ má ṣe jẹ́ kó fi iṣẹ́ náà hàn yín lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ẹ wá fóònù tó kéré jù nínú ẹgbẹ́, ẹ gbé e lọ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń rọ, kí oòrùn wà lórí, kí ẹ wá ní kó ṣí i níbẹ̀. Tó bá ṣí, ẹ san owó tó kù.

Ẹ tún fi owó ìtọ́jú sínú àdéhùn náà, nítorí bí àpótí ìmọ búlọ́ọ̀kù bá ní àlébù, gbogbo búlọ́ọ̀kù tó ti inú rẹ̀ jáde ló máa ní in. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 2025, àwọn tó ń tọ́jú React kéde pé ihò kan wà nínú apá rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà, nínú àwọn àtẹ̀jáde React 19. Ihò yìí lè jẹ́ kí olè wọ inú ẹ̀rọ tó gbé ìkànnì dúró láì ní ọ̀rọ̀ aṣínà kankan. Nínú òṣùwọ̀n ewu tí kò kọjá 10, 10 ni wọ́n fún un. Ìkànnì tí kò lo apá ti sáfà yẹn kò sí nínú ewu náà, àtúnṣe sì jáde lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ìkéde náà. Ṣùgbọ́n àtúnṣe kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ilé èèyàn. Ìkànnì tí ẹni tó kọ́ ọ ti gbowó tó ti lọ, tí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ, bí ihò bá wà lára rẹ̀, ibẹ̀ ló máa wà.

Orúkọ wa nínú àpótí

Àwa tí a ń ṣe ojú-ewé ìròyìn yìí ti rí àpótí orúkọ tó kọ orúkọ Yorùbá, tó ní lẹ́tà inú rẹ̀ kò bófin mu. Inú bí wa, a sì lọ wádìí ohun tó ń fà á.

Gbogbo kọ̀ǹpútà ayé ní ìwé òǹkà kan tí wọ́n ń pè ní Unicode, tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Lẹ́tà é tí Faransé ń lò ní nọ́ńbà tirẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹ́ tiwa, tó ní àmì lókè tó tún ní àmì nísàlẹ̀, kò ní. Nọ́ńbà méjì ni wọ́n máa ń so pọ̀ fún un, ti ẹ àti ti àmì òkè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀ rí. Olùkọ́ ìkànnì tó bá kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà àpótí orúkọ pé lẹ́tà Faransé nìkan lòun máa gbà, Ṣẹ́gun Adébáyọ̀ fúnra rẹ̀ kò ní lè kọ orúkọ ara rẹ̀ bó ṣe yẹ sínú àpótí tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù rẹ̀ kọ́. Tiwa ní Bẹ̀nẹ̀ tún lé kan, torí ɛ àti ɔ ni wọ́n fi ń kọ èdè wa ní ilé-ìwé àwọn àgbà, nígbà tí Nàìjíríà ń lo ẹ àti ọ. Ìdáàṣà tó ń tajà dé Kétu, tó ń tajà dé Ṣakí, á rí méjèèjì.

Búlọ́ọ̀kù kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú èyí. Òfin tí wọ́n kọ sẹ́nu ọ̀nà ni, ẹni tó kọ ọ́ sì lè pa á rẹ́ kí omi gbígbóná tó tutù. Ẹ sọ fún un. Bó bá sì jẹ́ inú búlọ́ọ̀kù gan-an ni àṣìṣe wà, ẹnikẹ́ni tó mọ iṣẹ́ náà lè tún un ṣe, kó fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá dára, wọ́n á gbà á wọlé, orúkọ ẹni tó ṣe é á wọ inú ìwé ìtàn iṣẹ́ náà, gbogbo ìkànnì tó bá gba àtẹ̀jáde tuntun lẹ́yìn náà á sì jàǹfààní rẹ̀, ìbáà jẹ́ ní Dassa, ìbáà jẹ́ ní Jámánì.

Ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ náà kò káwọ́ gbera. FedaPay àti KKiaPay, ilé-iṣẹ́ ìsanwó méjì tí ìbẹ̀rẹ̀ wọn jẹ́ ti ibí, ti ṣe búlọ́ọ̀kù ìsanwó tó ṣeé gbé sínú ìkànnì tí wọ́n fi React kọ́. Ẹni tó ń ta kajú tàbí oyin láti ẹsẹ̀ òkè lè ní kí ọmọ àdúgbò kọ́ ojú-ewé fún òun, kí oníbàárà tó wà ní Kutọnu fi owó orí fóònù san. Ilé-iṣẹ́ ìsanwó á yọ ìpín tirẹ̀ nínú owó náà, kí ẹ béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Owó búlọ́ọ̀kù kò sí níbẹ̀.

Àwọn òbí tí ọmọ wọn ń béèrè ibi tí òun á ti bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún un pé kó má kọ́kọ́ sáré sí React. Kó kọ́ HTML, CSS àti JavaScript ná, torí àwọn ni iyanrìn àti sìmẹ́ǹtì. Fóònù lè ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n á nílò kọ̀ǹpútà, ó kéré tán èyí tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á jọ máa lò. Ti Chakra UI, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé rẹ̀. Ti React wà lédè Faransé ní fr.react.dev, kò sí owó ìwọlé, dátà tó máa fi ṣí i nìkan ló máa rà.